Ìbísí ajá àti ìtọ́jú rẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ilé ń fara kan ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà nílùú Èkó, ayálégbé púpọ̀ ló ń pín àgbàlá kan, ajá ekuke sì ń lọ ń bọ̀ ní títì. Ẹni tó fowó gọbọi ra abo Alsatian tàbí Boerboel lè jí láàárọ̀ bá ọmọ ekuke nílé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un lọ bá akọ gidi, owó tàbí ọmọ kan nínú àwọn tó bá bí ni olówó akọ máa ń gbà.

Ìgbà tí abo ń gba akọ ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Abo a máa wọ hít bí ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà sí méje, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò sì fi wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, á jókòó mọ́lẹ̀, á máa kùn mọ́ akọ. Tó bá di bí ọjọ́ 9 sí 12, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, á yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olówó rẹ̀ á ní ó ti parí, á tú u sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló ń lóyún.

Tí akọ bá gùn ún, wọ́n lè so mọ́ra fún ìṣẹ́jú 5 sí 30. Àwọn ọmọdé á máa da omi lù wọ́n, àwọn àgbà náà á máa ju òkò. Ojú ara akọ ló wú sínú abo. Ẹni tó bá fà wọ́n ya yóò ṣe wọ́n léṣe, kò sì ní dí oyún lọ́wọ́.

Oyún ajá jẹ́ bí ọjọ́ 63. Ooru ara abo tó ń wà láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 37 lọ́jọ́ tó ṣíwájú ìbímọ. Tó bá ń rọbí kíkankíkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìrí ọmọ, dókítà ẹranko ló kàn. Abẹ́rẹ́ oxytocin láti kẹ́míìsì léwu: bí ọmọ bá há, ilé ọmọ lè ya.

Abo àgbà tó ń mu omi àmujù, tó ń bì, ní bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn hít, ó ṣeé ṣe kí ọyún ti kún ilé ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe ti àgbo. Kókó pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara akọ tàbí abo sábà máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ tí gígùn ń gbé kiri. Abẹ́rẹ́ vincristine ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wò ó. Ajá tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, tàbí tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré kiri, àìsàn ilé ọmọ kò sì lè mú abo bẹ́ẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, yálà Boerboel ni o tàbí ekuke.