Àjọjẹ lójú àjò kẹ̀kẹ́

"Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní." Kò sí ohun tó ta kókó níbẹ̀: bí a bá yí àwo kan po, tí ọwọ́ ẹnì kan ṣófo, oúnjẹ náà kò ní gbádùn lẹ́nu àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, ní ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, ni ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́kàn mi, torí ọ̀dọ̀ wọn ló ti hàn kedere pé ọ̀tọ̀ ni àjọgùn, ọ̀tọ̀ ni àjọsè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹgbẹ́ kan bá ń gun kẹ̀kẹ́ la orílẹ̀-èdè já, ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Àwọn tó ń díje nìyẹn. Greg Siple, oníkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, náà ti ro irú àjọrìn bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1973, nígbà tí òun, June ìyàwó rẹ̀, àti tọkọtaya Burden ń gun kẹ̀kẹ́ láti Alaska lọ sí ìpẹ̀kun Gúúsù Amẹ́ríkà, ó wò ó pé kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kóra jọ, kí wọ́n bo ojú ọ̀nà láti òkun kan dé èkejì bí eéṣú. Nígbà tí òmìnira Amẹ́ríkà pé 200 ọdún ní 1976, tí wọ́n ṣe ìrìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè ní Bikecentennial, àwọn tó jáde lé ní 4,000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n eéṣú ti di agbo kéékèèké tó ní olórí tirẹ̀. Àwọn kan gbéra láti Oregon, àwọn kan láti Virginia. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, ó lé ní 4,000 máìlì. Bí ìdajì wọn ló gùn ún dópin.

Agbo kékeré náà kì í pẹ́ tú ká. Ní ìpínlẹ̀ Kansas, òkùnkùn ni wọ́n ti ń ká àgọ́, kí oòrùn àti atẹ́gùn tó le. Kí wákàtí kan tó pé, ẹnì kan ti lọ jìnnà, méjì ti yà mu kọfí, ẹnì kan jókòó sínú koríko, ó ń fi ètè wá ibi tí rọ́bà ti ń jò. Ẹsẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára mú un dọ́gba yóò rí ìjà kí oṣù tó yí po.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òkè Rocky dẹ́rù bà yín. Hoosier Pass ní Colorado ga ju 3,500 mítà lọ, kò sì sí ibi tó ga tó o lójú ọ̀nà náà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń gùn ún. Àwọn òkè kúkúrú Missouri, Kentucky àti Virginia, tó nàró bí àkàbà, ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ṣépè fún. Ajá Kentucky tún ń lé wọn. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, ní Afton ní Virginia, ni obìnrin kan tó ń jẹ́ June Curry ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní omi àti bísíkíìtì lọ́dún 1976. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé bísíkíìtì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Òwe wa dà? Alẹ́ ló kù sí. Lórí àjò tí ẹgbẹ́ ti ń gbọ́únjẹ fúnra wọn, àjọ ni wọ́n ń dá nínú àjò. Àwọn méjì tí oúnjẹ kàn lọ́jọ́ náà ni yóò gba àpò owó, tí wọn yóò ra àlùbọ́sà àti makaróní ní ìlú tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ti pín ohun èlò láàárọ̀: sítóòfù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹnì kan, òróró àti iyọ̀ lẹ́yìn ti ẹlòmíràn, ìkòkò lẹ́yìn ti ẹlòmíràn.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tálákà ni ẹni tí "ò ní" inú òwe yìí. Ẹ wá wo àwọn mẹ́fà tó kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn yóò sùn. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti gé àlùbọ́sà, iná ti ń jó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó rọra ń bọ̀ jù lọ ni ìkòkò wà. Ta ni ò ní? Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi pẹ́. Kó tó sọ̀ tán, ẹnì kan ti sáré di kẹ̀kẹ́ mú, ẹnì kejì ti ń tú okùn ìkòkò.