Jíjí Géèmù Kí Ó Tó Dé Ọjà: Ibi tí Òfin Nàìjíríà Bá Ọ̀rọ̀ náà Dé

Oṣù Kẹsàn-án 2003 ni ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà dá fún ìgbéjáde géèmù Half-Life 2. Ọjọ́ náà kọjá láìsí géèmù. Nígbà tí oṣù Kẹwàá wọlé, kóòdù rẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan jí nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ti fọ́n ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kọkànlá 2004 ni géèmù tó dé ọjà. Ní 2006, ilé ẹjọ́ ní Jámánì fi ọ̀daràn náà sábẹ́ ìṣọ́ ọdún méjì, kò jù ú sí ẹ̀wọ̀n.

Ní Nàìjíríà, ààbò lórí iṣẹ́ tí kò tí ì jáde kì í ṣe ohun tuntun. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911, tí wọ́n nà dé ibí ní 1912, fi ẹ̀tọ́ àkọ́gbéjáde sí ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan. Òfin ti 1970 ni ó rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ kẹtàdínláàádọ́ta ti 1988 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Ó sì fi owó ìtanràn tí kò ju ₦1,000 lọ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, ka ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà àìgbàṣẹ fún títà.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin rẹ̀ ti 2005 sọ fífi iṣẹ́ tí kò tí ì dé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí márùn-ún bí ó bá jẹ́ nítorí èrè. Àkókò ni òfin yìí wò. Iye ẹ̀dà ni ti Nàìjíríà tẹjú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó jáde ṣáájú ọjọ́ lè ba gbogbo ọjà jẹ́.

Òfin ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, gbé ìtanràn sókè sí ₦10,000 ó kéré tán lórí ẹ̀dà kan. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni ó dé ẹnu ọ̀nà olè: ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà láti jí àṣírí òwò lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún méje tàbí ìtanràn ₦7,000,000.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá ń ṣe géèmù ní Ìlútítun, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, òfin ti dáàbò bò ó kí ó tó tà á, láìforúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin méjì ni yóò máa so pọ̀ kí ó tó lè sọ pé ọjà òun ni wọ́n bàjẹ́.