Bùràsíìlì: Ilẹ̀ Ńlá tí Àkàrà Sọdá Òkun Dé

Ẹni tí ó bá ra àkàrà gbígbóná ní Ìpara Rẹ́mọ lè má mọ̀ pé ẹ̀wà lílọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ń dín nínú epo pupa lójú pópó Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ náà ka iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Bùràsíìlì ni ó tóbi jù lọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òun ni ó sì ṣe ìkarùn-ún ní títóbi lágbàáyé. Ilẹ̀ rẹ̀ ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 203. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, nítorí pé àwọn Potogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1500, wọ́n sì ṣàkóso rẹ̀ títí ó fi gba òmìnira ní 1822. Salvador ni olú-ìlú láti 1549. Rio de Janeiro gbà á ní 1763, Brasília sì gbà á ní 1960.

Ìrèké, wúrà àti kọfí sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ẹrú ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àìmọye ọmọ Yorùbá bá ara wọn ní Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàgó pọ̀ jù láàárín wọn, dìde ogun ní Salvador. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá níbẹ̀.

Àwọn tí ó padà wálé ni à ń pè ní Àgùdà. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó, àti sí Àjàṣẹ́ àti Wídà. Káfíńtà àti bíríkìlà wà lára wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Irú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn tàn dé Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn.

Àwọn tí kò padà kò gbàgbé ilé. Nínú ẹ̀sìn Candomblé, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọrin sí Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Potogí ni wọ́n ń sọ nílé. Láti ọdún 2003 ni òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwé Bùràsíìlì máa kọ́ ọmọ ní ìtàn Áfíríkà.

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè kọjá òkun di ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ mú lábẹ́ ẹgba. Ọmọ tí a bí sí Rẹ́mọ, tí ẹnikẹ́ni kò dè, ni àwọn òbí mìíràn ń bá wí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn ará Bahia mọ èyí. Ó yẹ kí àwọn tí wọ́n wà létí orísun gan-an náà mọ̀ ọ́n.