Òfin Ìṣẹ́yún àti Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ní Kùmásì

Ní Kùmásì, olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè bá obìnrin ṣẹ́yún nígbà tí oyún kò tíì dàgbà, bí ìdí rẹ̀ bá bá òfin mu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ti rí látilẹ̀. Òfin ìjọba amúnisìn ti 1892 ka ìṣẹ́yún sí ìwà ọ̀daràn, òfin ọdún 1960 (Act 29) kò sì mú un kúrò níbẹ̀.

Lábẹ́ PNDC, ìjọba ológun Jerry Rawlings, ní 1985, òfin PNDC 102 gbà á láàyè bí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò, bí ìbátan bá fún un lóyún, bí oyún bá máa ṣàkóbá fún ẹ̀mí, ara tàbí ọpọlọ rẹ̀, tàbí bí àìsàn ńlá bá fẹ́ bá ọmọ náà wáyé. Láìsí ìwọ̀nyí, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 5.

Dókítà nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni dókítà pọ̀ sí. Agbẹ̀bí ló wà ní ìgbèríko. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan bí a ṣe ń fi ohun èlò ọlọ́wọ́ fa ilé-ọmọ mọ́, kí wọ́n lè dóòlà ẹni tó ṣẹ́yún ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Kò bọ́gbọ́n mu kí ọwọ́ tó lè tún ìbàjẹ́ ṣe má lè dènà rẹ̀. Ní 2006 ni ìlànà Ghana Health Service fún agbẹ̀bí láṣẹ láti bá obìnrin ṣẹ́yún. Ètò R3M, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti dín ikú àwọn ìyá kù, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹkùn Àṣáńtì sì wà lára mẹ́ta tó kọ́kọ́ gbà á.

Kùmásì ni Ilé Ìwòsàn Komfo Anokye wà, tó ti ń gbàlejò aláìsàn láti 1955, tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké sì ń fi èyí tó bá le ránṣẹ́ sí.

Àìmọ̀ ló wá kù. Ìwádìí ìlera aboyún lọ́dún 2007 fi hàn pé ìṣẹ́yún fa ikú ìyá 11 nínú 100. Síbẹ̀, lọ́dún 2017, obìnrin bí 11 péré nínú 100 ló mọ̀ pé òfin gbà á. Agbẹ̀bí tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà ní kó darí obìnrin náà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù olóògùn ni obìnrin ń gbà lọ, láìsí ẹni tó máa yẹ oṣù oyún náà wò.