Àlejò àti Ẹrú ní Ọ̀nà Sokodé

Bí a ti ń ka orúkọ àwọn fáda àti àwọn olóore tó kọ́ ilé Ọlọ́run ní ọdún júbílì yìí, ó yẹ kí a rántí àwọn tó ti ń gba àlejò kí ilé ìjọsìn tó wà. Àgbẹ̀ aláìní ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àárín gbùngbùn ilẹ̀ Tógò. Ní Kambolé, nítòsí ààlà Benin, èdè Nàgó tó bá ti Yorùbá wa tan ni wọ́n ń sọ. Akaselem ni ti Tchamba, Tem sì ni ti Sokodé. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò obì máa ń ti Salaga gba agbègbè yìí lọ sí Djougou àti ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀dọ̀ baálé kan ni olúkúlùkù ń wọ̀ sí. Òun ní í tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí í sì í ṣe onídùúró fún un lọ́jà. Ní abúlé, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó bá wá, ìbáà jẹ́ ìgbà tí iṣu ti tán lábà tí tuntun kò sì tíì jáde.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú náà rin ọ̀nà wọ̀nyí. Ẹni tó ní baálé di àlejò. Ẹni tí kò ní, wọ́n tà á. Títí di òní, àwọn Ewe àti Mina kan ní etíkun ń bọ Mama Tchamba nítorí àwọn ará òkè tí baba ńlá wọn rà. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá, síbẹ̀ orúkọ Tchamba kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo wọn. A kò yin ìbọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ń jẹ́ kò ṣeé sẹ́.

Àlejò ni Ìjọ Mímọ́ náà níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì S.V.D. gúnlẹ̀ sí Lomé ní 1892, ṣùgbọ́n ọdún 1937 ni Sokodé tó ní àgbègbè Ìjọ tirẹ̀, tó sì di dáyósíìsì ní 1955, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń kírun. Ní 1993, nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò ní Tógò, ilé mọ̀lẹ́bí àti ti àwọn ará abúlé ni ọ̀pọ̀ wọn rí wọ̀ sí ní Benin àti Gánà.

Nínú Ìwé Léfítíkù, orí 25, níbi tí a ti mú orúkọ júbílì, Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísráẹ́lì pé kí ẹni tó ta ara rẹ̀ nítorí òṣì padà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn tí etíkun ń pè ní Tchamba kò padà.