Wáyà Iná Ńlá Oníbébà àti Epo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán An Wò

Wáyà iná oníbébà àti epo ni wáyà ńlá tí wọ́n ń rì mọ́ inú ilẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ òkun láti fi gbé iná mànàmáná tó lágbára gan-an. Bàbà tàbí alumíníọ̀mù ni iná ń gbà kọjá láàárín rẹ̀. Bébà tí wọ́n wé mọ́ ọn ní ìpele-ìpele, tí epo sì rin gbingbin, ni kì í jẹ́ kí iná já síta. Ẹ̀wù òjé tí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ọ̀tá méjì ni wáyà yìí ní: afẹ́fẹ́ àti omi. Ẹni tó bá mọ èyí, ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ ń bá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò yé e.

Ìtàn

A kì í ṣàìdárúkọ ẹlẹ́rọ Sebastian Ziani de Ferranti nínú ìtàn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ó fẹ́ gbé iná fóltì 10,000 láti Deptford wọ àárín ìlú London, ṣùgbọ́n àwọn wáyà tó wà nígbà náà kò gbà á. Ó wá ṣe tirẹ̀: ọ̀pá bàbà oníhò méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí bébà tí wọ́n rẹ sínú ìda sì wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 20 péré ni gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ojú ìsopọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lóǹkà. Láti fi hàn pé kò léwu, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ di ṣísẹ́lì mú, wọ́n sì fi òòlù gbá a wọ inú wáyà tí iná ń bẹ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọkùnrin náà. Apá kan lára wáyà Ferranti ṣiṣẹ́ ju 40 ọdún lọ.

Martin Höchstädter, ará Jámánì, ló tẹ̀ síwájú nípa wáyà olókùn mẹ́ta: ó wé bébà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, kí iná má baà rìn ségesège nínú àlàfo àárín wọn. Síbẹ̀, nígbà tí fóltì bá ti ń lọ sókè ju 33 kV (fóltì 33,000) lọ, ìṣòro ńlá kan ṣẹ́ kù. Bí iná bá pọ̀ lórí wáyà, ara rẹ̀ á gbóná, epo á wú, òjé á sì fẹ̀. Bí ó bá tutù, epo á súnkì, ṣùgbọ́n òjé tó ti fẹ̀ kì í padà. Àlàfo kéékèèké á wá kù sínú bébà, iná á máa ta pàràpàrà nínú wọn, bébà á sì máa jóná díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Luigi Emanueli, ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ Pirelli ní Ítálì, ló tú kókó yìí. Ó lo epo tó ṣàn bí omi, ó fi ihò sí àárín bàbà kí epo lè máa gbà á kọjá, ó sì gbé àgbá epo sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wáyà bá gbóná, epo á tú sínú àgbá. Ó bá tutù, àgbá á dá epo padà. Ní 1927, irú wáyà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé 132 kV ní New York àti Chicago. Lẹ́yìn náà, wọ́n gun 500 kV kọjá.

Ìṣètò

Ibi tó súnmọ́ bàbà jù lọ ni ìyà tí iná fi ń jẹ bébà ti ń pọ̀ jù. Bí a ṣe ń jìnnà sí i ni ó ń dínkù. Nítorí náà, bébà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí kò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, ni wọ́n ń fi sí ìdí bàbà, èyí tó nípọn díẹ̀ á sì wà lóde. Bí bébà bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni àlàfo tó wà láàárín etí bébà méjì ṣe kéré tó, àlàfo kékeré sì máa ń fara da iná ju ńlá lọ.

Wíwé bébà yìí gan-an ni ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà. Wọn kì í jẹ́ kí etí bébà kan gun èkejì ní ìpele kan náà. Wọ́n á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín etí méjèèjì, kí ìpele lè máa yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí wọ́n bá ká wáyà mọ́ àgbá. Ṣùgbọ́n àyè ti òkè kò gbọdọ̀ bọ́ sórí àyè ti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà kì í ti í jẹ́ kí ojú búlọ́ọ̀kù méjì ṣe déédéé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé e sínú àgbá, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á sì yan án ní bíi 120°C fún ọjọ́ mélòó kan títí omi inú bébà yóò fi tán. Ìgbà náà ni epo tó wọlé.

Ìdánwò

Ìdánwò tó rọrùn jù ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń so wáyà á fi ẹ̀mú já bébà díẹ̀ lára rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, nítorí òógùn ọwọ́ lásán lè mú kí ìdánwò náà parọ́. Á sọ ọ́ sínú epo gbígbóná. Bí omi bá wà nínú bébà, epo á ta ṣáṣá bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo àkàrà. Bí kò bá sí, á dákẹ́.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń wọn iye iná tó ń ṣòfò di ooru nínú bébà, tí wọ́n ń pè ní tan delta, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Harald Schering gbé jáde ní 1920. Bí iye yìí bá ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń gbé fóltì sókè, àlàfo ń bẹ nínú bébà nìyẹn. Wọ́n tún máa ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, kí wọ́n tó rọ mànàmáná àtọwọ́dá lé e: ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní apá rere, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní apá òdì. Ìlànà IEC 60141 ló ṣàlàyé èyí fún wáyà elépo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹ́rọ kò tíì fẹnu kò lé lórí: ṣé ó yẹ kí a máa fi iná DC alágbára (iná tí kì í yí padà) dán wáyà oníbébà tó ti gbó wò? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, àwọn kan sì gbà pé kò ṣe bébà ní ibi. Àwọn mìíràn ní ó lè yára mú ibi tó ti rẹ̀ já, tàbí kó jẹ́ kí wáyà tí kò dá yege, nítorí kì í fi ìyà jẹ bébà bí iná AC ojoojúmọ́, tó ń yí padà, ṣe ń ṣe. Ó jọ pé bí ọjọ́ orí wáyà àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti wá ń lo AC tó rọra ń yí, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.

Lílò lónìí

Lórí ilẹ̀, wáyà oníke XLPE ti gba ipò rẹ̀. Lábẹ́ òkun, bébà ṣì wà. Ní 1954, wáyà DC Gotland ní Sweden fi bébà gbé 100 kV. Wáyà NorNed, láti Norway dé Netherlands, gùn ní 580 kìlómítà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2008.