Igi Àgbọn Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Maya: Fíìmù Kan, Etíkun Kan àti Ẹjọ́ Ọdún 23

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, katapílà gúnlẹ̀ sí etíkun kékeré kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Thailand. Maya ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó wà lórí erékùṣù Phi Phi Leh ní agbègbè Krabi. Àpáta gíga yí i ká bí ẹni fi ògiri mọ ọgbà, yanrìn rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn tó gbé katapílà wá kò fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, wọn kò sì wá wa kùsà. Fíìmù ni wọ́n wá ṣe.

Orúkọ fíìmù náà ni The Beach. Danny Boyle ló darí rẹ̀, Leonardo DiCaprio sì ni olú òṣèré. Ilé iṣẹ́ 20th Century Fox ná nǹkan bí mílíọ̀nù 50 dọ́là lé e lórí. Ìtàn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò kan ni, tó ń wá etíkun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa ni lẹ́rìn-ín: wọ́n wá etíkun tí ọwọ́ èèyàn kò tíì bà jẹ́, wọ́n rí i, wọ́n tún ní kò tíì rẹwà tó.

Kí ló kù sí i? Igi àgbọn. Ewéko tó ń hù ní Maya kò ga, koríko àti igbó kéékèèké tó ń rá lórí òkìtì yanrìn ni. Lójú àwọn tó ń ṣe fíìmù, etíkun ilẹ̀ olóoru tí kò ní igi àgbọn kò tíì pé. Ni wọ́n bá tu ewéko yẹn, wọ́n fi katapílà tẹ́ òkìtì yanrìn pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbé igi àgbọn bíi 60 láti ibòmíràn wá gbìn síbẹ̀. 100 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbìn. Ewéko tí wọ́n tu yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di yanrìn mú tí ìjì bá dé, òkìtì yanrìn náà ló sì ń gba ìgbì òkun dúró.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyí. Àpáta tó yí Maya ká kò pàdé tán. Àlàfo kan wà láàárín wọn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn inú fíìmù fẹ́ kí ibẹ̀ pamọ́ pátápátá, nítorí náà wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya òkè mìíràn dí àlàfo náà. Ẹ lọ wò ó lónìí, ẹ ó rí òkè tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé lọ́dún 1999, irinṣẹ́ ti wà tó lè gbé odindi òkè sójú àwòrán láìfọwọ́ kan òkúta kan. Lóòótọ́, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rọrùn láti yà ju igi tí òṣèré ń rìn lábẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, mo gbà pé ọ̀rọ̀ owó ló wà ńbẹ̀. Wọ́n ṣírò, wọ́n rí i pé yanrìn Maya ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Ta ló wá gbà wọ́n láyè? Erékùṣù yìí wà nínú ọgbà tí ìjọba Thailand yà sọ́tọ̀ fún ìdáàbòbò. Òfin ọdún 1961 tó dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sì ka gígé igi àti yíyí ojú ilẹ̀ padà léèwọ̀. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó, ìyẹn ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀, òun náà ló fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Fox san mílíọ̀nù 4 baht, ó sì fi owó ìdógò lélẹ̀ fún àtúnṣe.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Keje ọdún 1997, owó baht já wálẹ̀. Thailand gan-an ni ọ̀dá owó tó ba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Éṣíà jà nígbà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ń kógbá sílé, ìjọba ń wá dọ́là lójú méjèèjì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ńlá láti fa àlejò wọ̀lú. Ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà wá dé pẹ̀lú owó àti òṣèré tí Titanic ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í sábà ka ìwé òfin dójú ìlà tó kẹ́yìn.

Àwọn ará Thailand kan kò gbà. Wọ́n wọ́de ní Bangkok, àwọn kan da ìbòjú tó jọ ojú DiCaprio borí. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Krabi àti Ao Nang pe ẹjọ́: wọ́n pe ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó, Fox àti ilé iṣẹ́ Thailand tó bá Fox ṣètò iṣẹ́ náà. Mílíọ̀nù 100 baht ni wọ́n bèèrè fún àtúnṣe. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣẹjọ́ níbí. Àwọn tó súnmọ́ yanrìn náà ló ń pariwo.

Fox ní tiwọn sọ pé àwọn kó ìdọ̀tí tí àwọn bá níbẹ̀ kúrò, àti pé ibẹ̀ dára nígbà tí àwọn ń lọ ju ìgbà tí àwọn dé lọ. Wọ́n hú igi àgbọn wọn, wọ́n dá òkìtì yanrìn padà, wọ́n sì gbin ewéko lé e. Lẹ́yìn náà ni àsìkò òjò ọdún náà dé, òkìtì tí wọ́n dá padà sì ya lulẹ̀. Àwọn alátakò ní iṣẹ́ katapílà ni. Àwọn onífíìmù ní ìjì ni. Mo rò pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìjì ti ń jà ní Maya kí Fox tó mọ̀nà ibẹ̀.

Fíìmù náà jáde lọ́dún 2000, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 144 dọ́là káàkiri ayé. Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà Maya bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wò ó fẹ́ fi ojú ara wọn rí etíkun náà. Ìgbì òkun ńlá tó jà ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní erékùṣù Phi Phi Don tó wà nítòsí, dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n tún padà wá. Nígbà tó fi máa di 2018, àlejò tó ń ya ibẹ̀ lójúmọ́ tó 5,000, lórí etíkun tí gígùn rẹ̀ kò ju ìdámẹ́rin kìlómítà kan lọ. Ọkọ̀ ń ju ìdákọ̀ró lu iyùn. (Iyùn tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba kọ́ ni mo ń wí o, ìbátan rẹ̀ tó ń hù lábẹ́ òkun, tí ẹja fi ń ṣe ilé.) Àwọn onímọ̀ ní ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iyùn àyíká náà tó ti bàjẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ìjọba ti etíkun náà pa. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ó sì di ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀.

Láàárín àsìkò yìí kan náà, ilé iṣẹ́ fíìmù lágbàáyé ń kọ́ bí a ṣe ń tún ìwà ṣe. Lọ́dún 2004, Roland Emmerich tó darí The Day After Tomorrow yọ 200,000 dọ́là láti àpò ara rẹ̀ fún igi gbígbìn àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láti fi dí èéfín tí iṣẹ́ fíìmù náà tú sáfẹ́fẹ́. Lọ́dún 2006, ìwádìí Yunifásítì California ní Los Angeles fi hàn pé, nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ní agbègbè ìlú náà, iṣẹ́ epo rọ̀bì nìkan ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ju iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣàn lọ. Èyí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 2011, BBC gbé albert jáde, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò tí olùdarí ètò máa fi iye epo, iná, bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì tó lò sí, tí yóò sì sọ iye kábọ́ọ̀nù tó tú síta fún un. Ọwọ́ BAFTA ló wà báyìí. Ìròyìn kan tí albert, BFI àti ilé iṣẹ́ Arup gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé fíìmù ńlá kan, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là, ń tú nǹkan bíi 2,840 tọ́ọ̀nù síta. Ìrìn àjò ló kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Iṣẹ́ tó dára ni. Ohun tí a kò bá kà, a kò lè dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Maya sórí ìwọ̀n yìí kí ẹ wo ohun tó máa kà. Á ka epo katapílà. Á ka ọkọ̀ tó kó igi àgbọn dé, á ka bàálù tó gbé DiCaprio. Kò ní ka òkìtì yanrìn, kò sì ní ka ọkọ̀ 200 tó ń kó àlejò wá lójúmọ́ ní ogún ọdún lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti kúrò níbẹ̀. Ìṣirò náà ń parí ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní Maya, ọjọ́ yẹn ni ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà, bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ fíìmù àti àyíká ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wa máa kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ: ẹni tó ń sanwó epo ti ń wá ọ̀nà láti dín in kù. Ibi tí a ti ya fíìmù ni kò ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Kunle Afolayan kọ́ ìlú àtijọ́ fún Aníkúlápó ní Ìgbòjáyè, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dípò kó wó o dànù lẹ́yìn iṣẹ́, ó sọ ọ́ di abúlé fíìmù àti ibi ìgbafẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí pákó àti ilé tí a lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a sì dáná sun wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ fíìmù ń fi ṣòfò jù. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá fi sílẹ̀ fún àlejò, ẹnì kan ní láti máa bójú tó omi, pàǹtí àti igbó tó yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe fún ìgbà fíìmù nìkan. Ó yẹ kí ìyẹn wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó pariwo “action”.

Ẹjọ́ Krabi ń lọ ní gbogbo àkókò yìí. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Thailand gbà pé iṣẹ́ fíìmù náà ba àyíká jẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n díwọ̀n ìbàjẹ́ náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ tó parí, ọdún 23 lẹ́yìn tí wọ́n pè é. Fox ti gbà láti san mílíọ̀nù 10 baht, kò tó 300,000 dọ́là nígbà náà. Ẹ̀ka ìjọba tó fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda ni ilé ẹjọ́ pàṣẹ fún pé kó tún etíkun náà ṣe.

Wọ́n ti ṣí Maya padà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022. Wọ́n gbin iyùn tuntun nígbà tó wà ní títì, ẹja ṣáàkì kéékèèké tí etí lẹbẹ́ rẹ̀ dúdú sì padà wá. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ iwájú etíkun mọ́. Ẹ̀yìn erékùṣù ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, àlejò á sì fẹsẹ̀ rìn kọjá, iye kan lẹ́ẹ̀kan. Wíwẹ̀ nínú omi ibẹ̀ ti di èèwọ̀, oṣooṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni wọ́n sì máa ń tì í kí ó lè sinmi. Àwọn tó bá dé ibẹ̀ yóò rí àlàfo láàárín àpáta tí òkun ń gbà wọlé, níbi tí fíìmù ti ya òkè sí.